Páìpù Epo Inú Ọkọ̀ Àtijọ́: Irú Èyí tí ó Yẹ Kí a Lò

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka Kàdúná bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

Kì í ṣe èmi ni mo yan ara mi láti sọ̀rọ̀ lónìí. Ìgbìmọ̀ ni ó pàṣẹ. Wọ́n ní nígbà tí ó jẹ́ pé ohun èlò ọkọ̀ ni mò ń tà, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi náà ni ìwé wà, èyí tí a ń kọ orúkọ àwọn tí yóò wọkọ̀ lọ sílé ní ìparí ọdún sí, kí n dìde kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa páìpù epo, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ arákùnrin wa kan lójú ọ̀nà Tẹgínà ní oṣù tí ó kọjá.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò ní tún un rò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àwọn márààrún tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó bọ́ sílẹ̀ láàyè. Ọkọ̀ ni ó jóná, pẹ̀lú ẹrù ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ sí Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ohun tí ó fa iná náà kò gùn ju ìka ọwọ́ ènìyàn lọ. Ọ́ọ̀sì funfun ni, irú èyí tí a ń rí inú rẹ̀ gbangba, tí wọ́n fi so pọ́ńpù epo mọ́ kabúrétọ̀. Ooru mú un, ó rọ̀, ó yọ kúrò lẹ́nu páìpù tí wọ́n fi bọ̀, epo sì ń tú sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Owó tí wọ́n fi ra ọ́ọ̀sì náà kò tó owó ẹ̀kọ àti àkàrà ẹnì kan.

Kí a tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo rìn yí ọgbà yìí po, mo ka ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́wàá: 504 mẹ́fà, Ìjàpá méjì, Datsun kan, Mercedes kan. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé 504 ni ó pọ̀ jù. Ìlú tí wọ́n ti tò ó pọ̀ ni a ń gbé. Ọdún 1968 ni Peugeot mú ọkọ̀ náà jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níhìn-ín ní Kàdúná, wọ́n sì ń tò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti dáwọ́ èyí tí ó ní búùtù dúró ní 1983. Ọkọ̀ tí ó ní láárí ni. Ní ọdún 1975 kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú eré ìdíje Safari ní Kenya. Ní ọdún 1978, Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gba ipò náà. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà eré náà ti rí láyé ìgbà yẹn, pẹ̀lú òkúta, ẹrọ̀fọ̀ àti eruku rẹ̀, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ ojo.

Ní òkè òkun, irú ọkọ̀ báyìí ti di ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi òróró pa á, ọjọ́ Sunday tí oòrùn bá yọ ni wọ́n á gbé e jáde. Tiwa ń kó ènìyàn méje, àpò ẹ̀wà mẹ́ta, àti ewúrẹ́ tí a so mọ́ orí rẹ̀, láti ibí dé Jẹ́bà, dé Ìlọrin, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, bí àwọn yẹn bá ń ṣọ́ páìpù epo ọkọ̀ wọn, àwa ni ó yẹ kí a ṣọ́ ọ jù. Ọ̀nà tí a ń gbà kọjá kì í sì ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹ́ kí ọkọ̀ dá òun dúró sí lákòókò yìí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ọ̀nà tí epo ń gbà. Táǹkì 504 wà lẹ́yìn. Láti ibẹ̀, páìpù irin kan gba abẹ́ ọkọ̀ wá síwájú. Pọ́ńpù wà lára ẹ́ńjìnnì, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni epo ti ń lọ sí kabúrétọ̀. Níbi tí páìpù ti kúrò lára táǹkì, àti níbi tí ó ti fẹ́ wọ pọ́ńpù, rọ́bà kúkúrú ni wọ́n fi so ó. Kí ni ìdí rẹ̀? Ara ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lórí ìjókòó rọ́bà tirẹ̀. Bí a bá fi irin so ohun tí ó dúró mọ́ ohun tí ń gbọ̀n, irin náà yóò kán lọ́jọ́ kan. Bí a bá sì fi rọ́bà ṣe gbogbo ọ̀nà láti ẹ̀yìn dé iwájú, òkúta yóò gé e, sàlẹ́ńsà yóò yan án, eku yóò jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ ọkọ̀ náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: irin ni fún ọ̀nà gígùn, rọ́bà kúkúrú ni fún ibi tí ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wí fún yín pé òun yóò fi ọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fa epo láti táǹkì dé kabúrétọ̀, iṣẹ́ ni ó ń sá fún.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí ọ̀fun jẹ́ sí ènìyàn ni páìpù yìí jẹ́ sí ọkọ̀, ohun tí ń gba inú rẹ̀ kọjá sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò.

Epo tí a ń rà lónìí kì í ṣe irú epo tí wọ́n rò mọ́ 504 ní 1968. Ẹ kò ní tíì gbàgbé oṣù January àti February ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó epo kan wọ orílẹ̀-èdè yìí tí mẹ́tánóòlù inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ìlà ọkọ̀ sì gùn ní gbogbo ilé epo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni irú epo bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́. Mẹ́tánóòlù jẹ́ irú ọtí kan. Ó máa ń mú kí rọ́bà wú kí ó sì rọ̀, ó sì máa ń jẹ alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tí epo yẹn wọlé, àwọn tí ó wá ra ọ́ọ̀sì ní ìsọ̀ mi pọ̀ ju ti ìgbàkigbà rí lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ìdí tí ọ́ọ̀sì ọkọ̀ wọn fi rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Britain náà kò bọ́. Láti oṣù September ọdún 2021 ni epo tí wọ́n ń pè ní E10 ti di epo ojoojúmọ́ níbẹ̀. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lè jẹ́ ẹ́tánóòlù, òun náà sì jẹ́ ọtí. Ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ kí wọ́n má lò ó, kí wọ́n ra èyí tí ọtí inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun rere kan ti ibẹ̀ wá fún wa: ọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe kí ó lè gba irú epo yìí ti pọ̀ sí i, ẹni tí ó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní London lè ní kí wọ́n fi mítà mẹ́ta sínú ẹrù bọ̀ wá fún òun. Kò wúwo tó bàtà kan.

Ohun kejì tí a ó wò ni ipá tí pọ́ńpù fi ń ti epo. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé vọkanáísà máa ń fẹ́ bí 30 pọ́ùn sínú táyà. Pọ́ńpù ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ kò ju bí 3 sí 5 pọ́ùn lọ. Ó kéré púpọ̀. Ìdí nìyí tí ọ́ọ̀sì burúkú fi lè pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, tí mẹkáníìkì yóò sì máa wí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tí ó ṣe é.” Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń yọ ẹ́ńjìnnì 504 sílẹ̀ báyìí, wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì Toyota tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní kabúrétọ̀. Pọ́ńpù oníná ni ó ń lò, ipá rẹ̀ sì ń lé ní 40 pọ́ùn. Bí ọ́ọ̀sì bá lu níbi 4 pọ́ùn, epo yóò máa kán. Bí ó bá lu níbi 40, yóò máa fọ́n bí ìgbà tí a ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé iná kì í pẹ́ rí irú epo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, gbogbo ọ̀nà epo ni kí ẹ pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fi ọ́ọ̀sì bàbá yín sí pọ́ńpù ọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo orí tábìlì yìí. Mo kó oríṣiríṣi wá.

Èyí ni ọ́ọ̀sì funfun tí a ń rí inú rẹ̀, tí àwọn kan ń lò láti wọn ilẹ̀ ilé kí ó tẹ́jú. Rọ́bà tí wọ́n fi òróró mú rọ̀ ni. Epo bẹntiróòlù máa ń fa òróró náà jáde kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá pẹ́, yóò le bí èékánná, yóò sì sán. Bí ooru bá sì mú un kí ó tó le, yóò rọ̀ yóò sì yọ. Ọ̀nà méjèèjì kò dára. Àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń rí epo tí ń kọjá nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí epo, ẹ wo inú fílítà.

Èyí dúdú tí ó nípọn yìí, ọ́ọ̀sì omi ni, irú èyí tí ń gbé omi gbígbóná lọ sí rédíétọ̀. Ó le, ó dára, mo sì ń tà á. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Bí epo bá wọ inú rẹ̀, yóò wú bí gaàrí tí a da omi sí. Ojú nìkan kò lè fi í mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́ọ̀sì epo, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà kan ti ń tan yín jẹ. N kò bá ẹnikẹ́ni wí ní orúkọ, ṣùgbọ́n nínú àwa tí a jókòó síbí ni àwọn kan wà tí ń gé e tà ní ọ́ọ̀sì epo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí mọ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ọ̀sì sílíkóònù aláwọ̀ pupa àti aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn. Ó dùn ún wò bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sílíkóònù kì í bẹ̀rù ooru, ṣùgbọ́n epo máa ń wọ̀ ọ́ lára, ó ń jẹ́ kí ó wú, òórùn epo á sì máa jáde lára rẹ̀ bí ẹni pé ó lu. Ti omi àti ti afẹ́fẹ́ ni.

Èyí tí ó tọ́ ni èyí tí ó ní ìwé lára. Ẹ kàwé ara ọ́ọ̀sì! Ìyá kan bi mí lọ́jà pé, “Akọ̀wé, ṣé ọ́ọ̀sì náà lọ sí ilé ìwé ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi, ó lọ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ SAE J30 R7 sí i, ọ́ọ̀sì epo ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ ni. Rọ́bà nitrile ni wọ́n sábà fi ń ṣe inú rẹ̀, epo bẹntiróòlù kì í sì í mú irú rọ́bà yẹn bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí R9, ti ọkọ̀ oníìnjẹ́kísọ̀n ni, tí ipá rẹ̀ pọ̀. Ohun tí wọ́n tẹ́ sí inú rẹ̀ lágbára ju ti R7 lọ, ọtí inú epo kì í sì í tètè ràn án. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹni tí ó ní kabúrétọ̀ má lo R9, bí owó rẹ̀ bá ká a. Èmi fúnra mi, ní ti epo tí a ń rà lónìí, R9 ni n óò fi sí ọkọ̀ tí ó ń gbé ìyàwó àti ọmọ mi. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn, DIN 73379 ni wọ́n ń kọ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn tí pọ́ńpù wọn wà nínú táǹkì máa ń fẹ́ gé R9 láti fi so pọ́ńpù náà. Inú R9 ni ó ń gba epo, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á. Bí ẹ bá rì í sínú epo, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò yọ́, yóò sì máa dí fílítà. R10 ni wọ́n ṣe fún inú táǹkì. Ó wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni a ń fẹ́.

Ìwé nìkan kọ́, nítorí pé ọ̀gbọ́n ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ayédèrú. Ẹ ní kí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ lójú yín. Èyí tí ó dára, ẹ ó rí rọ́bà inú, ẹ ó rí òwú tí wọ́n hun yí i ká, ẹ ó sì rí rọ́bà òde. Èyí tí ó jẹ́ rọ́bà lásán láti inú dé òde, ẹ dá a padà. Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹ gé èyí tí kò tó ìka kan, ẹ fi sínú ìgò tí epo díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ gbé e sí òde níbi tí kò sí iná àti ọmọdé, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá wú, tí ó rọ̀, tàbí tí epo náà di dúdú, ẹ má fi sínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin oní-Ìjàpá méjì, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Táǹkì yín wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Ọ́ọ̀sì tí wọ́n fi aṣọ hun lẹ́yìn ni wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́, aṣọ náà sì ń bo ibi tí rọ́bà ti sán. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́; bí ó bá le bí igi, ó ti kú. Ohun kejì ni fílítà tí mẹkáníìkì máa ń so rọ̀ sí àárín pọ́ńpù àti kabúrétọ̀. Ìwúwo rẹ̀ ń fa páìpù idẹ kékeré tí ó wọ kabúrétọ̀, títí tí páìpù náà yóò fi yọ, epo yóò sì dà sórí ẹ́ńjìnnì níbi tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ti ń ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni ó ti bá ọ̀nà yìí jóná ní gbogbo ayé. Ẹ gbé fílítà lọ sí ìsàlẹ̀, kí epo tó dé yàrá ẹ́ńjìnnì.

Mo wá dé orí bàbà, mo sì mọ̀ pé ibí ni ẹ ó ti bá mi jà.

Bí páìpù irin abẹ́ 504 bá ti dípẹtà, tí a bá gbé e lọ sí Páńtẹ́kà, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe fíríjì ni ọ̀pọ̀ onírin yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í dípẹtà, ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ mú wáyà bàbà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rọ̀. Nígbà tí ó bá yá, yóò le. Lẹ́yìn náà yóò kán. Bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n lójú ọ̀nà Mọ́kwá, ohun tí ó ń ṣe fún bàbà abẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ibi tí wọ́n sì ti fẹ ẹnu rẹ̀ láti fi de nọ́ọ̀tì ni ó sábà ń kọ́kọ́ sán. Ìyẹn nìkan kọ́. Bàbà máa ń mú kí epo bẹntiróòlù tètè bàjẹ́, kí ó di oje tí ń lẹ̀ bí oje igi, pàápàá bí ọkọ̀ bá dúró pẹ́ láìṣiṣẹ́. Oje náà ni ó ń dí àwọn ihò kéékèèké inú kabúrétọ̀, tí mẹkáníìkì yóò fi máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, tí yóò sì máa gba owó lọ́wọ́ yín lóṣooṣù.

Bàbá wa kan sọ fún mi lánàá pé páìpù bàbà tí ó wà nínú 504 òun ti pé ọdún mẹ́wàá, kò sì ṣe nǹkan kan. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bàbá, ilé ìjọsìn àti ilé ìpàdé nìkan ni ó ń lọ, wọn kì í sì í sáré. Kí Bàbá má bínú, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kí a tó fi ṣe ẹlẹ́rìí. Òtítọ́ ni pé àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe páìpù epo wọn. Àwọn tí ó ṣe é a máa yí i po bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ níbi tí ó bá ti fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, kí ó lè máa mì láìkán. Àwọn tiwa kì í yí i po. Tààrà ni wọ́n ń fà á.

Kí ni kí a wá lò? Irin ni, irú èyí tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Páìpù irin tí wọ́n ká ní ìlọ́po méjì, tí wọ́n sì fi nǹkan bò lẹ́yìn kí ó má bàa dípẹtà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páìpù búréèkì tán yín. Irin náà dára, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kéré jù, epo kò ní tó ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ mú páìpù àtijọ́ dání wá sọ́jà kí a wọ̀n ọ́n. Páìpù tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 8 mílímítà, ọ́ọ̀sì tí ihò rẹ̀ jẹ́ 8 ni ó gbà. Ọ́ọ̀sì tí ó tóbi jù tí a wá fi kílíìpù fún pa, yóò ká lábẹ́ kílíìpù, yóò sì máa jò.

Irin mìíràn wà tí ó dára ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa: bàbà tí wọ́n po bí ìdá kan nínú mẹ́wàá níkẹ́ẹ̀lì mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ kò pupa tó ti bàbà. Ọwọ́ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í dípẹtà, kì í sì í tètè sán bíi bàbà lásán. Láti àwọn ọdún 1970 ni Volvo ti ń fi ṣe páìpù búréèkì. Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á. Sténlẹ́ẹ̀sì náà dára, ṣùgbọ́n ó le púpọ̀ láti tẹ̀ àti láti fẹ ẹnu rẹ̀. Bí ẹni tí ń ṣe é kò bá mọ iṣẹ́, yóò máa jò lẹ́nu. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ eré ìdíje fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta kan péré lè fọ́ ọ pẹlẹbẹ, mo sì ti sọ ohun tí mẹ́tánóòlù ń ṣe fún un.

Nígbà tí a ti dárúkọ ọkọ̀ eré, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà sténlẹ́ẹ̀sì hun lẹ́yìn, tí ó ń dán bí ẹ̀wọ̀n ọrùn. Ó ti wọ ọjà wa. Àwọn ènìyàn rò pé wáyà náà ni agbára rẹ̀. Agbára ọ́ọ̀sì, inú ni ó wà. Bí rọ́bà lásán bá wà nínú rẹ̀, yóò gbó bí rọ́bà yòókù, ẹ kò sì ní rí i nítorí wáyà bò ó. Wáyà náà tún dà bí ayùn: ohunkóhun tí ó bá ń fara gbún, ìbáà jẹ́ wáyà iná tàbí páìpù búréèkì, yóò gé e. Èyí tí ó dára jù ni èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ Teflon, irú ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú páànù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí epo tí ń mú un. Ṣùgbọ́n kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n po èédú mọ́ ọn. Bí epo bá ń sáré nínú Teflon funfun lásán, ó máa ń kó iná sára, bí aṣọ ọ̀rá ti ń ta pàrà lára wa nígbà ọyẹ́, iná náà sì lè lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara ọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n po èédú mọ́, inú rẹ̀ dúdú.

Àwọn tí ń díje sì máa ń gba inú ọkọ̀ fa páìpù epo wọn, kí òkúta má baà dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe bẹ́ẹ̀. FIA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ọkọ̀ ní àgbáyé, kò gbà kí ìsopọ̀ kankan wà lára páìpù náà níbi tí awakọ̀ jókòó sí, àfi lára ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì tiwa yóò fi ọ́ọ̀sì àti kílíìpù so ó lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá tí ó gbọ́mọ dání.

Ti kílíìpù kò gùn. Èyí tí ó ní ihò gbọọrọ gbọọrọ lára máa ń gé rọ́bà bí a bá fún un jù. Èyí tí etí rẹ̀ yí sókè, tí ó ní bóòtù kékeré, ni ti ọ́ọ̀sì epo. Kí ẹ sì wo ẹnu páìpù kí ẹ tó ti ọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́: ó yẹ kí ó wú díẹ̀ ní ìpẹ̀kun, kí ọ́ọ̀sì má baà yọ. Bí wọ́n bá ti gé ìwú náà dànù, kò sí kílíìpù tí yóò dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Ní oṣù March àti April, ẹ ó rí àwọn awakọ̀ tí ń da omi sórí pọ́ńpù, tí wọ́n ń fi àkísà tútù wé e. Epo ti hó nínú páìpù ni, ó di afẹ́fẹ́, pọ́ńpù kò sì lè fà á mọ́. Páìpù tí ó sún mọ́ ẹ́gísọ́ọ̀sì jù ni ó sábà ń fa èyí. Ẹ tún ọ̀nà rẹ̀ gbà, kí ẹ sì fi kílíìpù de páìpù mọ́ ara ọkọ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ síra wọn. Àkísà kò lè bá yín dé Ìlọrin.

Àwọn kan ń wí pé ọ̀rọ̀ ọjà ni mò ń sọ, pé mo fẹ́ ta ọ́ọ̀sì olówó iyebíye. Lóòótọ́, R9 ju ọ́ọ̀sì funfun lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ 504 kan kò fẹ́ ju mítà kan àbọ̀ lọ, bí páìpù irin bá wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ní oṣù May ọdún 2023 tí wọ́n yọ ìrànwọ́ orí epo kúrò, epo tí kò tó ₦200 ní líta kan fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Bí epo bá ń kán ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, epo tí yóò ṣòfò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kò ní kéré. Ẹ ra ọ́ọ̀sì náà ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ fẹ́, kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ tèmi. Ìwé ara rẹ̀ ni kí ẹ kà. Ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá pé ọdún márùn-ún, bí ojú rẹ̀ ìbáà tilẹ̀ ṣì ń dán.

Ó ku ohun kan tí Ìgbìmọ̀ fi ẹnu sí lálẹ́ ọjọ́ Friday. Láti ọdún yìí lọ, ọkọ̀ tí yóò bá kó ọmọ ẹgbẹ́ lọ sílé ní oṣù December, a ó yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Ọkọ̀ tí mo bá rí ọ́ọ̀sì funfun tàbí ọ́ọ̀sì omi lọ́nà epo rẹ̀, n kò ní kọ orúkọ sí i, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wa kan kò fẹ́ èyí, wọ́n ti wá bá mi nílé. Mo sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá ní owó R7 lọ́wọ́ báyìí, kí ó wá gbà á ní ìsọ̀ mi, kí ó san án díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù January.

Alága ti fi ọwọ́ sí i pé kí a bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ọkọ̀ yín wà nínú ọgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ orí bátìrì kan, kí ẹni tí ń mu sìgá sì dúró lẹ́yìn odi. Mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ti ń dúró pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àwọn 504 ni a ó kọ́kọ́ wò, kí ilẹ̀ tó ṣú.